Ọ̀pá Aláṣọ Funfun Etí Odò Ọ̀wẹ̀rẹ̀

Ní ìlú Ìdídò láyé àtijọ́, ọba ya etí odò Ọ̀wẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgbafẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́gi. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àlejò á máa wá láti ìlú jíjìn. Àwọn kan á lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan á ju ìwọ̀ sódò, àwọn ọ̀dọ́ á máa jìjàkadì lórí iyanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí erinmi lápá òkè á wọ ọkọ̀ Fámúrewá.

Ẹnu Fámúrewá dùn. Ẹni tó bá ní òun ò wọkọ̀, kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti jókòó sínú ọkọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Málọmọ́. Àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ò dúró, orúkọ ọmọ náà nìkan sì ti tó láti máa já baba láyà.

Òjò ọdọọdún ló ń gbẹ́ abẹ́ odò náà kiri. Ibi tó mu èèyàn dé orúnkún léṣìí lè di kòtò lọ́dún yìí. Torí ẹ̀ ni Bàbá Aṣọ́dò, tí ọba ní kó máa ṣọ́ odò, fi máa ń kọ́kọ́ wọn odò. Á di gbòǹgbò igi mú, á fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀, á fi ìkejì wá ìsàlẹ̀ omi. Ibi tó bá fararọ, á ri ọ̀pá oparun mọ́ ibẹ̀, á so aṣọ funfun mọ́ ọn. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń wọ odò.

Lọ́dún kan, ibi tí ọ̀pá bọ́ sí jìnnà sí ọkọ̀ Fámúrewá. Àlejò ń rọ́ lọ sọ́hùn-ún, ọkọ̀ ń gbẹ lóòrùn. Ká tó jí lọ́jọ́ kejì, Fámúrewá ti fa ọ̀pá tu, ó ti rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ̀.

"Ṣebí ìbàdí lomi ibí léṣìí," ló wí. Kò ki ìka ẹsẹ̀ kan bọ omi.

Àlejò dé lóòótọ́, wọn ò tíì wọ odò, àmọ́ ọkàn Fámúrewá ò balẹ̀. Omi ibẹ̀ dúdú, ó dákẹ́. Ewé tó bá já sí i á yí po lẹ́ẹ̀kan, á sì wọlẹ̀. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, igbe ló ń gbọ́. Ó fẹ́ lọ fa ọ̀pá náà tu, ojú pọ̀.

Ọkọ ìyàwó tuntun kan, Lálẹ́yẹ, dé ibi ọkọ̀. "Ẹ dín in kù, bàbá ọlọ́kọ̀. Ṣé erinmi yẹn máa bá mi jẹun ni?"

"Tó bá máa bá ọ jẹun, owó ẹ̀ yàtọ̀."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Fámúrewá bojú wẹ̀yìn. Málọmọ́ wà lábẹ́ ọ̀pá! Ó di gbòǹgbò mú, ó ti na ẹsẹ̀ kan sómi.

"Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ o," ọmọ náà wí.

"Ẹsẹ̀ ẹ ló kúrú," Lálẹ́yẹ dá a lóhùn. "Àbí odò lò ń ná ni? Ẹsẹ̀ kan gbà, ẹsẹ̀ kan kọ̀!"

"Bàbá Aṣọ́dò ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Málọmọ́!" Fámúrewá lọgun. "Yọ ẹsẹ̀ ẹ! Yọ ọ́ kíá!"

Ọmọ náà fò sẹ́yìn.

"Kí ló dé, bàbá ọlọ́kọ̀? Ṣé ejò ni?" Lálẹ́yẹ bi í.

Fámúrewá la ẹnu. Tó bá ní kòtò ni, wọ́n á bi í pé ta ló wá ri ọ̀pá mọ́bẹ̀.

"Kò... kò sí nǹkan kan."

Lálẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ dàńṣíkí fún ìyàwó ẹ̀, fìlà ṣì wà lórí, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ́ sómi.

Omi náà ò ta púpọ̀. Ó kàn pa dé bí ẹnu. Fìlà nìkan ló jáde. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, òun náà wọlẹ̀.

Fámúrewá ti ọ̀pá ìtukọ̀ bọ ibẹ̀ títí omi fi mù ún dé èjìká, ọ̀pá ò kan ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá odò dúnàádúrà: "Ọ̀wẹ̀rẹ̀, gba ọkọ̀ mi! Gba ilé mi! Dá a padà fún mi!" Ìyàwó Lálẹ́yẹ ṣì na dàńṣíkí sókè, bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Bàbá Aṣọ́dò dé. Ó wo ọ̀pá, ó wo Fámúrewá.

"Ta ló wọn ibí?"

Fámúrewá dorí kodò. Bàbá Aṣọ́dò lóṣòó ti Málọmọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kan ń kán tó, eruku ṣì wà lára ìkejì. Ó fọwọ́ kan èyí tó gbẹ.

"Èyí ló dá ọmọ ẹ padà fún ọ, Fámúrewá," ó wí. "Ti ọmọ ẹlòmíì ńkọ́?"

Látọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ kó sí ohun tí kò mọ ìdí ẹ̀, ohun tí àwọn àgbà Ìdídò ń wí fún un, tó wá tàn kálẹ̀ di òwe, ni pé: a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn bí odò ṣe jìn tó.