Ehoro Tó Ní Inú Òun Mọ Ohun Gbogbo

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ra. Àwẹ̀ró, yọ ìka lẹ́nu.

Ní ìgbà kan rí, ìyàn mú nílùú àwọn ẹranko. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù lóko, májèlé sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Òkété nìkan ló mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ́ sómi kí májèlé náà lè jáde. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Àfi kí o bá a jókòó létí odò fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o bó o, kí o rẹ ẹ́, kí o fọ̀ ọ́, títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ehoro ò lè jókòó. Ọ̀lẹ ni, ẹnu rẹ̀ ló dùn. Ó gun orí ebè, ó ní:

"Ẹ̀yin ará, ta ló kọ́ ọmọ tuntun ní ọmú mímu?"

"Kò sẹ́ni!"

"Ẹ ò rí i? Àbímọ́ ni! Inú oyún ni gbogbo wa ti gbé ìmọ̀ wá, ó kàn sùn nínú yín ni. Tèmi ti jí: inú mi mọ ohun gbogbo. Ẹ gbé àgbàdo wá, n ó bá yín jí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù lójú wọn. Ni wọ́n bá fi Ìyá Òkété sílẹ̀ létí odò. Ẹtu, ìyá ọlọ́mọ méjì, gbé agbọ̀n àgbàdo kan ṣoṣo tó kù nílé rẹ̀ wá.

Ehoro bi í pé, "Ẹ̀pà méjì àti ẹ̀pà méjì?"

"Mẹ́rin ni, olùkọ́."

"Áà! Ìmọ̀ yín ti jí!"

Inú Ẹtu dùn. Ó ti gbàgbé iye ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ kó tó mọ ẹ̀pà kà.

Kò pẹ́, àká Ehoro kún. Àwọn ọmọ Ẹtu sì ń sunkún ebi. Ẹtu padà wá.

"Olùkọ́, mo bi inú mi títí nípa ẹ̀gẹ́ yìí, kò dá mi lóhùn."

"Ẹ sáà bó o, kí ẹ sè é. Inú yín á sọ ìyókù."

Ẹtu sè é. Ó gbé e síwájú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó dá wọn lọ́wọ́ dúró. Ó gbé àwo náà lọ bá Ehoro lójú gbogbo ìlú, ó kúnlẹ̀.

"Ọgbọ́n yín la fi sè é, ẹ̀yin lẹ ni oúnjẹ. Olóúnjẹ ló sì ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ mi ń dúró."

Họ́wù! Báwo ni Ehoro ṣe fẹ́ kọ̀? Kí n má sì parọ́, òórùn ẹ̀gẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ nímú. Ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá àwo mọ́ra.

Gbì! Ó ṣubú. Ojú yí, ẹnu ń gbọ̀n rìrì. Ìyá Òkété sáré dé láti odò, ó da epo sí i lọ́fun. Ehoro bì títí ó fi lajú.

Ìyá Òkété ní, "Inú rẹ tó mọ ohun gbogbo ńkọ́? Kí ló sọ fún ọ?"

Ehoro dáhùn wúyẹ́wúyẹ́: "Ìyá, ẹ má bínú. Ó ní ebi ń pa òun. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn."

Ẹtu gbé agbọ̀n àgbàdo rẹ̀ padà láti inú àká Ehoro, àwọn yòókù gbé tiwọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ehoro ló kọ́kọ́ dé etí odò, tòun tọ̀bẹ. Bí ẹ bá rí i, ẹ wo ẹnu rẹ̀: ó ṣì ń gbọ̀n títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí: wọ́n bí ebi mọ́ wa, wọn ò bí oúnjẹ sísè mọ́ wa. Àwẹ̀ró, lọ́la, lọ bá ìyá àgbà nídìí ààrò, kí o máa wo ọwọ́ rẹ̀.