Agbẹnusọ Tí Ẹnìkan Ò Yàn

Àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá Fátókun, ni Akínlàjà, àbúrò rẹ̀ onínúure, bá sọ ara rẹ̀ di agbẹnusọ. Dókítà ní, "Ọpọlọ rẹ̀ pé, ẹnu nìkan ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́." Akínlàjà, tó gbọ́n ju dókítà lọ, ní ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrò lẹ́nu ti kúrò lórí náà nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà ni ọmọbìnrin bàbá fi ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, Akínlàjà dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi ti fún mi ní oko kòkó rẹ̀. Ẹ bi í léèrè!"

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Akínlàjà ń rẹ́rìn-ín.

"I... i... irọ́!"

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bàbá Fátókun ò tilẹ̀ pe baba. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló pè.