Aṣọ Òfì Inú Kọ̀ǹpútà Àlòkù

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ yìí ni Morẹ́nikẹ́, ọmọ ahunṣọ òfì kan ní Ìsẹ́yìn, fi ń dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn tó bá ní kó dúró ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà, kí oníbàárà lè máa rí ilà aṣọ kí bàbá rẹ̀ tó hun ún. Aṣọ tí oníbàárà bá kọ̀, ọwọ́ bàbá ló ń kù sí.

Kọ̀ǹpútà àlòkù rẹ̀ ti gbó débi pé kò lè ya àwòrán, lẹ́tà nìkan ló mọ̀. Morẹ́nikẹ́ bá fi D ṣe òwú dúdú, ó fi P ṣe pupa. Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀, kò gbé ilà kankan jáde. Ó rántí pé bí òwú bá já, bàbá kì í tú aṣọ, ibi tó já ló ń wá. Òun náà wá ibi tí ètò rẹ̀ ti já títí, ó rí àmì kan ṣoṣo tó gbàgbé láti kọ, ó sì fi í sí i. Lẹ́tà bá tò wálẹ̀ ní ilà-ilà. Ó sáré lọ fa bàbá wá, ó ṣàlàyé lẹ́tà méjèèjì.

Bàbá, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, tẹjú mọ́ ọn.

"Pupa ẹ̀gbẹ́ yìí ti pọ̀ jù," ló wí. "Yọ òwú méjì kúrò níbẹ̀."