Omi Oríire ní Ìdí-Ọsẹ̀

Ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gba ọ̀nà Ìdí-Ọsẹ̀ lọ, kó bi wọ́n. Mo fi ọ̀nà búra, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

Dúródọlá ló mọ adìẹ pa jù ní ìlú náà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń wá a, ogún adìẹ ló sì fẹ́ fi sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá tó bí i, Ẹfúnṣeyè, ń bá a gbé. Ojú ìyá ti di bàìbàì, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti yá oòrùn.

Ọyẹ́ mú ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà. Kùrukùru wọ agbo ilé bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀. Ooru omi gbígbóná gòkè lọ bá a, wọ́n lọ́ mọ́ra títí èèyàn kò fi mọ èwo ni ti iná, èwo ni ti ọ̀run. Ìyẹ́ àwọn adìẹ tó ń jà nínú àgò ń fò fẹ́ẹ́, ó ń bà lé Dúródọlá lórí bí ewú òjijì.

Àṣà wọn nígbà náà ni pé omi tí wọ́n bá fi fọ adìẹ ìsọmọlórúkọ, wọn kì í dà á nù títí wọn yóò fi fọ ti ìkẹyìn. Wọ́n ní oríire ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

"Èyí ń tòògbé o," ni ìyálé rẹ̀, Àwẹ̀ró, wí, ó gbé àkùkọ pupa kan dání. "Àbí ó ya ìdí ẹmu lọ́nà ni?"

"Ẹ gbé e wá, ìyálé mi. Oníyẹn ò ní mọ ìgbà tí ọ̀bẹ dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Bí Dúródọlá ti ń fa ìfun rẹ̀ yọ, ìfun bẹ́, ìgbẹ́ sì ṣàn sínú ọpọ́n omi.

"Yéè! Ká da omi yìí nù," ni Àwẹ̀ró wí.

"Oríire ọmọ tí a fi ọdún mẹ́sàn-án wá? Ẹnu yín ò ràn án o!"

Dúródọlá bu ìdọ̀tí tó léfòó kúrò, ó fọwọ́ rú omi náà. Ó fura pé àìsàn ló ń ṣe àkùkọ pupa yẹn, ó sọ ọ́ sínú igbó, kí àlejò kankan má baà fẹnu kàn án. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Omi kan náà ló fi fọ mọ́kàndínlógún tó kù, wọ́n funfun bí ẹfun. Àlejò ti ń wọlé, nítorí náà wọ́n yan wọ́n wàràwàrà lórí ẹ̀yinná. Awọ pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà létí egungun.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé itan kan fún ìyá rẹ̀.

"Ṣé ó mọ́, ọmọ mi?"

"Ó funfun ju eyín ọmọdé lọ, Màmá."

Ìyá jẹ ẹ́, ó ń kun orin orúkọ ọmọ náà lábẹ́ ètè.

Ní ọjọ́ kejì, inú rírun gba ìlú. Èébì níhìn-ín, ìgbẹ́ gbuuru lọ́hùn-ún. Ara àwọn ọ̀dọ́ mókun díẹ̀díẹ̀. Ti Ẹfúnṣeyè kò mókun. Dúródọlá kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, èyí tó ń ṣàìsàn, mo sọ ọ́ nù! Àwọn yòókù ń kọ, wọ́n ń jà, kí n tó pa wọ́n. Ta ló fi májèlé sí oúnjẹ wa?"

"Omi mélòó lo fi fọ̀ wọ́n?"

"Ẹyọ kan, Màmá. Omi oríire."

Oòrùn ọ̀sán rọra wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ojú ìyá wá rọ̀, bí ẹni tó gbọ́ ìró odò láti ọ̀nà jíjìn.

"Omi tó fọ ogún adìẹ, kò fọ ọ̀kan."

Ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ bọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé omi tó fọ ogún adìẹ, kò fọ ọ̀kan.