Owó Tí A Kò Kó Jáde

Ọkùnrin kan wà tí ó ní owó kan tí kò lè ná. Télọ̀ ni, létí ọ̀sà ni ìlú rẹ̀ sì wà, níbi tí ìkùukùu òwúrọ̀ ti máa ń wọlé bí àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn.

Bí owó náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Opó kan fẹ́ kó kúrò nílùú, ó ń ta ẹrù ọkọ rẹ̀. Télọ̀ ra agolo bọ́tìnnì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sanwó lójú àwọn ènìyàn, opó sì súre fún un. Nígbà tí ó délé tí ó da bọ́tìnnì sórí ẹní, ohun kan tàn láàárín wọn bí ojú ẹja nínú omi. Owó fàdákà ni. Ẹyẹ lékèélékèé kan wà lára rẹ̀ tó na apá méjèèjì. Bí ènìyàn bá rọra yí i sí oòrùn, apá náà a máa jù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ẹyẹ ọ̀hún ń lọ sí ibì kan tí kò kánjú àtidé.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn owó yẹn nílùú. Ọba kan ló ní kí wọ́n rọ ọ́ láyé àtijọ́, ní ilé owó tó wà lẹ́yìn ààfin. Ṣùgbọ́n ní ìlú náà, owó tuntun kì í dédé di owó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ tuntun ni wọ́n ń ṣe é: inú ilé ni yóò wà títí di ọjọ́ ìkójáde, tí ọba yóò gbé e dání lọ sí ẹnu ọjà, tí yóò pe orúkọ rẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ènìyàn tó lè fi ra iyọ̀. Owó ẹlẹ́yẹ yìí kò rí ọjọ́ ìkójáde. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé, gbogbo lékèélékèé tó ń sùn sórí igi etí ọ̀sà gbéra lójijì, wọ́n fò lọ bí aṣọ funfun tí atẹ́gùn já gbà lórí okùn, wọn kò sì padà mọ́. Ọba ní, "Ẹyẹ tó kọ̀ wá kò ní jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ wa." Wọ́n dá gbogbo owó náà padà sínú iná. Gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀kan yìí tó yọ́ gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Télọ̀ fẹ́ràn owó náà ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn irin lọ. Bó bá ń ránṣọ, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òwú, yóò máa wò ó títí abẹ́rẹ́ yóò fi gún un níka. Á wá dà bíi pé ọ̀sà ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù, pé abẹ́ omi ni òun ti ń ránṣọ, tí àwọn ẹyẹ funfun ń kọjá lókè, tí wọn kò sọ̀rọ̀.

Olówó kan tó máa ń kó owó àtijọ́ jọ gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Iye tí ó dárúkọ tó kọ́lé. Ilé! Fún télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé yàrá kan ṣoṣo látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tí ìyá onílé ń ka iye ìgbà tí wọ́n ń fa omi! Ṣùgbọ́n àlejò náà ní, "Ẹ jẹ́ kí ilé owó kọ́kọ́ sọ pé tiyín ni. Mi ò lè ra ohun tí wọ́n máa wá gbà lọ́wọ́ mi."

Àyà télọ̀ já. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Wọn ò kó o jáde. Ohun tí wọn ò kó jáde, ṣé ó lè di ti ẹnì kan?"

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Olówó orí mi, ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe fajú ro bí ẹni tó gé aṣọ oníbàárà ní àgéjù? Bí wọn ò bá kó o jáde, àwa náà ò lọ́wọ́ ni? A máa kó o jáde."

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Wọ́n pe àwọn ará ilé. Wọ́n ta omi sí owó náà lórí, wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu. "Ẹ fi sí ẹnu ẹyẹ o," ni ìyá onílé ń kígbe, "ìdí ẹyẹ lẹ ń fún lóyin jẹ yẹn!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹyẹwùmí. Télọ̀ gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, ó pe orúkọ náà sókè, ó sì dà bíi pé ìkùukùu dáhùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù tó dára jù nínú èyí tó ní, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé owó.

Ìyá àgbà kan ni olùtọ́jú ilé owó. Ó gba owó náà, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó tẹ́tí sí i, ó fi kan ahọ́n.

"Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá. Kì í ṣe ayédèrú."

"Rárá o, ọmọ mi. Tiwa ni. Ọwọ́ wa ló rọ ọ́."

Ojú télọ̀ tàn. Ó ti rí òrùlé ilé rẹ̀. Ó ti rí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà.

"Bó ṣe jẹ́ tiwa yẹn gan-an ló di ẹjọ́," ni ìyá àgbà wí. "Ká ní alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́ ṣeré ni, ǹ bá ní kó o máa gbé e lọ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ta ló kó o jáde?"

"Mo rà á ni, Ìyá. Mo sanwó. Ẹlẹ́rìí wà."

"Ìyẹn ni bó ṣe wọlé sọ́dọ̀ rẹ. Bó ṣe jáde lọ́dọ̀ wa ni mò ń béèrè."

"Ọwọ́ opó kan ni mo ti rà á."

"Opó ńkọ́?"

"Ọkọ rẹ̀ ló ni ín."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá." Ó wá rántí. "Ṣùgbọ́n èmi ti kó o jáde! Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Ẹyẹwùmí ló ń jẹ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé owó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín.

"Orúkọ tó dùn ni," ó ní. "O sì tọ́jú rẹ̀, ó hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàtọ́ kì í sọ ọmọ lórúkọ nígbà tí bàbá ọmọ ṣì wà láyé. Ẹni tó bí i ló lè sọ pé, ẹ wá wò ó. Àwa ò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó ti pẹ́, Ìyá. Ẹnikẹ́ni tó bá jí i gbé ti kú."

"Ẹni tó jí i gbé ló kú. Ilé tí wọ́n ti jí i ò kú."

Wọn kò fìyà jẹ ẹ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Wọ́n gbé owó náà sínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ń yọ́ fàdákà. Télọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró. Ó rí bí apá ẹyẹ ṣe rọ̀, ó rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe tẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di omi funfun kan tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó ń wò ó padà. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ilé wa dà?"

"Ẹyẹwùmí ti lọ sílé tirẹ̀," ni ó wí. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún un, ó sì jókòó tì í.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo pa ìtàn yìí fún. Láti àárọ̀ lẹ ti ń bá mi sọ ọ́ pé irọ́ kọ́ lẹ pa. Mo gbà. Oyún oṣù méjì tó wà nínú aládùúgbò yín, òótọ́ ni. Ẹ ò dúró sẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ló sọ fún yín, ẹ sì fi ayọ̀ gbà á, ẹ fi ayọ̀ pín in kiri. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sí ayédèrú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kó o jáde? Obìnrin náà ò tíì sọ fún ìyá tó bí i. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, ìta ló ti gbọ́, ó sì wọlé lánàá láìkí i. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ òótọ́ kò sọ ọ́ di tiyín. Bó ṣe jẹ́ òótọ́ gan-an ló fi jẹ́ tirẹ̀.

Télọ̀ rí iná tó lè gba tirẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti pín kiri kò ní irú iná bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ò ju kí ẹ lọ bá obìnrin náà, kí ẹ dárúkọ gbogbo ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún, kí ó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rìn dé. Á dùn yín. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá bi yín. Ẹ dìde báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Ó wà nílé.