Bí Ohùn Ìyá Ọsàn Ṣe Di Òórùn Dídùn

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igi ṣì ń fọhùn bí èèyàn, kò sí ẹni tó ń wá oníbàárà tì. Igi tó bá ti yọ òdòdó á kàn gbé ohùn sókè, á pe àwọn oyin, wọn á sì dé. Ayé ìgbà náà tutù. Ó máa ń dùn mí pé a kò bá a, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ìyá Ọsàn wà lára àwọn igi náà. Ẹ̀bá odò ló dúró sí, ó sì ti dàgbà. Òwò tirẹ̀ kò le. Omi dídùn wà nínú òdòdó rẹ̀, àwọn oyin á mu ún, wọn á sì bá a gbé eruku òdòdó kan dé inú òmíràn. Eruku yẹn ló ń di ọsàn. Bí oyin kò bá wá, òdòdó á re dànù, kò ní sí èso, kò sì ní sí kóró tí yóò hù lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ọsàn mọ gbogbo oyin lórúkọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ké sí wọn.

"Àwẹ̀ró o! Ṣé o jí dáadáa? Àbúrò rẹ ńkọ́? Omi ti wà nílẹ̀ o, ẹ máa bọ̀!"

Àwẹ̀ró yìí, òdòdó Ìyá Ọsàn ló kọ́kọ́ mu lọ́jọ́ tó kọ́ bí a ṣe ń fò. Á mu ún yó, á bà sórí ewé, wọn á sì máa tàkúrọ̀sọ títí oòrùn á fi mú. Ta ló ń kánjú nígbà yẹn?

Ni Afẹ́fẹ́ bá dé lọ́jọ́ kan, ó gbé àpò ńlá kọ́ èjìká.

"Ìyá, kí lẹ ń pariwo sí?" ló wí. "Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín sínú àpò mi. Màá gbé e dé gbogbo ilé oyin lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Ọsàn létí, nítorí ọ̀fun ti ń dùn ún. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àpò. Gbogbo igi yòókù náà sọ tiwọn. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, Afẹ́fẹ́ ń tú àpò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé oyin, ariwo á sì gba inú ihò igi tí wọ́n ń gbé kan.

Wèrèpè náà bá wọn sọ̀rọ̀ sínú àpò yẹn. Ẹ mọ Wèrèpè, oníirun tó ń mú ara yún. Omi rẹ̀ kò tó nǹkan, oyin kì í yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń jowú. Ló bá sín ohùn Ìyá Ọsàn jẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi! Omi tòní pọ̀ ju tàná lọ! Ẹ yà lọ́wọ́ òsì, ẹ tètè wá kó tó tán!"

Àwọn oyin kéékèèké yà lọ́wọ́ òsì, ọ̀dọ̀ Wèrèpè ni wọ́n já sí. Wọ́n ń họra délé. Àbúrò Àwẹ̀ró wà nínú wọn. Ìyẹ́ rẹ̀ kan ya, kò sì lè fò mọ́.

Inú bí àwọn oyin gidigidi. Wọ́n fi Àwẹ̀ró ṣe oníbodè, wọ́n sì kìlọ̀ fún un.

"Ohunkóhun tó bá ti inú àpò yẹn jáde, má jẹ́ kó wọlé. Dà á sí kòtò ẹ̀yìn ilé."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Kì í tilẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìyá Ọsàn yọ òdòdó lọ́dún náà, ó funfun báláú. Ó ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó wá. Ó tún ránṣẹ́. Ó pariwo sí i, ó ṣèlérí, ó ní omi òun dùn ju ti gbogbo igi ayé lọ. Bó ṣe ń pariwo sí i ni Àwẹ̀ró ń rò pé Wèrèpè tún dé, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ sí kòtò. Òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í re. Àyà Ìyá Ọsàn já.

"Mo ti darúgbó," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Bí n kò bá so lọ́dún yìí, ṣé n óò tún rí òmíràn?"

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró wá mu omi lódò. Ìyá Ọsàn rí i.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi! Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Àwẹ̀ró sún sẹ́yìn. "Mo rí yín báyìí, ìyá, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Àmọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa, n kì í rí ẹnikẹ́ni, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́. Bí mo bá jẹ́ kí ohùn yín wọlé, Wèrèpè á bá a wọlé. Àbúrò mi ò lè fò mọ́, ìyá."

Ó fò lọ, ó ń sunkún.

Ìyá Ọsàn rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ohùn òun, kò sẹ́ni tí kò lè sín in jẹ. Kí ni Wèrèpè kò wá lè sín jẹ? Adùn inú òdòdó òun ni. Kò ní in, kò sì sí bó ṣe fẹ́ fi ohun tí kò ní ránṣẹ́.

Ó pe Afẹ́fẹ́. "Má fi tèmi sínú àpò mọ́. Ọwọ́ lásán ni kí o fi gbé e, kó dá wà. Lọ́jọ́ tí n kò bá sì ní òdòdó, má gbé nǹkan kan lórúkọ mi."

Afẹ́fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, wọn ò ní gbọ́ yín o!"

"Kí wọ́n má gbọ́. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé èmi ni."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó gbé ohùn rẹ̀ mì, tòun ti ìkíni òwúrọ̀ àti ẹ̀rín inú rẹ̀, ó sì fún gbogbo rẹ̀ sínú ìwọ̀nba òdòdó tó kù lórí ẹ̀ka.

Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí nǹkan kan rọra kọjá nímú rẹ̀. Kò pariwo, kò ṣèlérí. Àwẹ̀ró fa òórùn dídùn náà símú. Ó rántí òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ fò, bí ewé ṣe tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìyá arúgbó ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ dá lọ, ó tọ́ omi náà wò. Nígbà tó padà, ijó ló ń jó lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jáde! Ìyá wa ni lóòótọ́!"

Àwọn oyin tú jáde wìì. Àwẹ̀ró bà sórí ewé, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá! Ẹ dá mi lóhùn, kí a tàkúrọ̀sọ."

Ìyá Ọsàn kò lè fọhùn. Ewé òdòdó funfun kan ṣoṣo ló já, ó rọra bọ́ sí Àwẹ̀ró lẹ́yìn. Ìgbà náà ló yé Àwẹ̀ró ohun tí ìyá náà fi sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè wọlé.

Ọsàn so lọ́dún náà, ó so jìngbìnnì. Àwọn igi yòókù rí i, àwọn náà gbé ohùn tiwọn mì.

Láti ọjọ́ náà ni igi kò ti fọhùn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni òdòdó ọsàn ti ń ta sánsán kí a tó rí igi rẹ̀, tí oníbodè sì ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oyin, tó ń gbọ́ òórùn ẹni tó fẹ́ wọlé. Wèrèpè tí kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́ ń da irun rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, kó lè yún ẹni tí kò pè é.

Bí ẹ bá kọjá lábẹ́ ọsàn tó yọ òdòdó, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ kí i. Ó ń gbọ́ yín, kò kàn lè dáhùn ni.