Ìdí tí Ìgbín fi ń ti ilẹ̀kùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gba inú oko kọjá, ó gba etí odò kọjá, kò dúró níbì kan àfi ẹ̀yìn Ìgbín. Ìgbín nìkan kọ́ o. Ọ̀yà wà níbẹ̀, Àparò wà níbẹ̀, Àgbọ̀nrín náà wà níbẹ̀.

Láyé ọjọ́un, gbogbo ẹranko ló ń dáko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn á ṣán oko, wọn á dáná sun ún. Bí bàbá wọn ti ń ṣe é nìyẹn.

Ìgbín kì í dáko ní tirẹ̀. Etí odò Olómitútù ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, nítorí ẹyin ìgbín kì í di ọmọ bí ilẹ̀ kò bá tutù.

Lọ́dún kan, odò fà sẹ́yìn. Lọ́dún kejì, ó tún fà sẹ́yìn. Ìgbín wo òkè, ó rí i pé iná ti ń jẹ igbó tó ń ṣíji bo odò. Ó wo abẹ́ ewé, ó rí ogójì ẹyin rẹ̀. Ó ní, "Olúwa, bí wọ́n bá tún sun oko lọ́dún yìí, mi ò ní ọmọ mọ́."

Ó bá wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀yà.

"Bàbá Ọ̀yà, iná oko ló ń gbẹ odò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun tiyín lọ́dún yìí."

Ọ̀yà mi orí. "Òótọ́ lẹ sọ, Yèyé Ìgbín. Èmi gan-an ti ń sọ ọ́ nílé. Ṣùgbọ́n oko tèmi yìí, ṣé oko ni? Àtẹ́lẹwọ́ lásán ni. Èéfín rẹ̀ kò tó ti ẹni tó ń sun àgbàdo jẹ. Ẹ lọ bá Àparò."

Ó wọ́ lọ sọ́dọ̀ Àparò. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta.

Àparò gbọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ìyẹ́ nù ún. "Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun, Yèyé. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sun tèmi, tí Àgbọ̀nrín sun tirẹ̀, ṣé odò á mọ̀ pé èmi kò sí níbẹ̀? Èmi á kàn máa fọwọ́ tu koríko, wọn á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí Àgbọ̀nrín kọ́kọ́ jáwọ́. Ọjọ́ tó bá jáwọ́, ọjọ́ náà ni mo jáwọ́."

Ó wọ́ lọ sọ́dọ̀ Àgbọ̀nrín. Ó gbà á ní ọjọ́ márùn-ún.

Àgbọ̀nrín ń pọ́n àdá. "Ẹ jókòó, Yèyé. Ta ni kò mọ̀? Gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni kì í wọ àwọn ará ibí létí. Ẹ fi kọrin. Bí ẹ bá ti fi kọrin, ó parí."

Ìgbín gbà á gbọ́. Ó fi kọrin:

Igbó laṣọ odò.
*A gbọ́, a gbọ́.*
Bígbó bá jó, odò á gbẹ.
*A gbọ́, a gbọ́.*
Bódò bá gbẹ, kí la ó mu?
*A gbọ́, a gbọ́.*

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi gbè é. Ẹ ṣeun. Ohùn yín dùn. Ohùn tiwọn náà dùn.

Orin náà gba gbogbo ìlú ẹranko. Wọ́n jó o níta Àgbọ̀nrín títí eruku fi bo ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀yà gbè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Àparò ní kí wọ́n tún un dá.

"Orin tó ní láárí rèé," ni wọ́n ń wí. "Orin tó ń kọ́ni lọ́gbọ́n."

Ìgbín wọ́ padà sí etí odò. Inú rẹ̀ dùn.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó gbọ́ tí orin ń bọ̀ láti òkè. Igbó laṣọ odò, a gbọ́, a gbọ́. Ó yọ ojú síta. Ó ní, "Wọ́n mà ti gbọ́. Wọ́n ń bọ̀ wá kí mi."

Àwọn ni wọ́n ń bọ̀ lóòótọ́. Ọ̀yà ṣáájú, Àparò tẹ̀ lé e, Àgbọ̀nrín kẹ́yìn. Olúkúlùkù mú ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ oko sísun ń fẹ́ orin, wọn kò sì ní orin tó dùn tó tuntun yìí. Bí wọ́n bá dé "bígbó bá jó", wọn á ti iná bọ koríko. Bí wọ́n bá dé "a gbọ́, a gbọ́", wọn á bọ́ sí ibòmíràn.

Iná jẹ oko tán, ó wọ igbó. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò. Ìgbín kó sínú ìkarahun, ó fẹ̀gbẹ́ ti òkúta. Nígbà tó fi máa yọjú, gbogbo ẹyin rẹ̀ ti jinná. Olómitútù ti di ẹrẹ̀, kò tó fọ ojú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá bá a kẹ́dùn.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, Yèyé," ni Ọ̀yà wí. "A sọ fún wọn, wọn ò gbọ́."

"A tún kọ ọ́ lórin fún wọn," ni Àparò wí.

Ìgbín ní, "Ta ló ń jẹ́ wọn?"

Wọ́n wo ara wọn. Àgbọ̀nrín wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Yèyé, ọ̀rọ̀ yìí dunni o. Ẹ ò ṣe fi kọ orin mìíràn?"

Ìgbín kẹ̀yìn sí wọn. Ó wọlé lọ. Ó pọ itọ́ funfun bí ẹfun, ó fi rẹ́ ilẹ̀kùn pa látinú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Ìgbín á fi nǹkan funfun dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní dá sí ẹnikẹ́ni títí òjò á fi rọ̀. Ìdí nìyẹn náà tí ẹ fi ń rí ẹni tó ń ké pé oòrùn ọdún yìí mú ju tèṣí lọ, tí ìṣáná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́. Ó mọ orin náà dáadáa.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá purọ́ mọ́ Ìgbín, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Bó bá dá yín lóhùn, ẹ wá pè mí ní elékèé.